Mo Gbà, Mo Gbọ́: Kí Là Ń Sọ Nígbà Tá A Bá Ń Ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́?



Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì pè mí lórí fóònù. Kò ṣiṣẹ́ èdè mọ́. Ó padà lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tó kí mi tán, tó béèrè orúnkún mi, ó ní: "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Nínú ìjọ wa, a máa ń dìde ka àwọn ohun tá a gbà gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé Olúwa ń wo gbogbo àìsàn sàn fún ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́. Mo máa ń kà á pẹ̀lú wọn, tọkàntọkàn. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá wọ aṣọ iṣẹ́ mi, màá gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé irọ́ ni mò ń pa lọ́jọ́ Ìsinmi ni, àbí àìnígbàgbọ́ ni mò ń hù lọ́jọ́ Ajé?"

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, n kì í sì í ṣe ààfáà. Èdè ni mo kọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ èdè tó wà nínú ìbéèrè yẹn pọ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Gbogbo ìdààmú rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìbéèrè tí mo bi ìyá bàbá mi

Eko Ende ni mo gbé dàgbà, lẹ́bàá ọ̀nà tó so Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù pọ̀. Nínú agbo ilé wa nígbà náà, ẹ ó rí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ ó sì rí àwọn àgbà tó ń bọ Ọ̀tìn, odò wa. Inú ìkòkò kan náà la ti ń bu ọbẹ̀. Níléèwé, wọ́n kọ́ wa ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní ti àwọn Àpọ́sítélì. A mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ orin, àmọ́ a ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Fún bí ọdún méjì ni mo fi rò pé Pílátù wà lára àwọn tá a ní ká gbà gbọ́, nítorí mo ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!

Lọ́jọ́ kan mo délé láti iléèwé, ara mi yá gágá. Mo bi ìyá bàbá mi, tó ń bọ Ọ̀tìn: "Ìyá, ṣé ẹ gba Ọ̀tìn gbọ́?" Ó wò mí títí. Ó ní: "Kí ló sọ tí mo fi máa gbà á gbọ́? Omi rẹ̀ ni wọ́n bù fún ọ mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ."

Mo rò nígbà náà pé ìyá ò gbọ́ ìbéèrè mi yé ni. Ọdún púpọ̀ kọjá, mo ti ń kọ́ni ní gírámà, kí n tó mọ̀ pé èmi ni mi ò gbọ́ èsì rẹ̀ yé. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn fún mi tán: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ là ń gbà gbọ́. Níbi tí kò bá sí ọ̀rọ̀, kò sí ohun tí ìgbàgbọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i bí àwọn àgbà ṣe ń béèrè ẹ̀sìn ara wọn. Wọn kì í ní "Kí lẹ gbà gbọ́?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni "Kí lẹ ń bọ nílé yín?" tàbí "Kí lèèwọ̀ yín?" Ẹni tó ń bọ Ṣàngó, oníṣàngó ni. Ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun, ọlọ́ṣun ni. Ohun tí èèyàn ń bọ, tí wọ́n ń bá nílé rẹ̀, ló ń fún un lórúkọ. Ìgbà tí ẹ̀sìn Kristi dé ni orúkọ tuntun kan bọ́ sójú agbo: onígbàgbọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún. A ò pè wọ́n ní olórúkọ Ọlọ́run wọn, a pè wọ́n ní ẹni tó ni ìgbàgbọ́. Ìṣe tó bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́ wọn ló di orúkọ wọn. Nígbà tí àwọn ààfáà wa sì fẹ́ fi Yorùbá túmọ̀ orúkọ tí Kùránì ń pe àwọn tirẹ̀, wọ́n ní láti fi nǹkan kún un: onígbàgbọ́ òdodo. Ẹlòmíràn ti gba orúkọ yẹn ṣáájú wọn.

Etí àti ojú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí kíláàsì mi, ẹ ó rántí ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: bà jẹ́, tàn jẹ, àti irú wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni, àmọ́ ó máa ń là sí méjì kí àbọ̀ lè wọ àárín rẹ̀: "Ó ba iṣẹ́ jẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni gbà gbọ́. "Mo gba Ọlọ́run gbọ́." Ẹni tá a gbà gbọ́ ló jókòó sáàárín, gbà níwájú, gbọ́ lẹ́yìn.

Gbà yìí, ó gbòòrò. À ń gba owó, à ń gba àlejò, à ń gba ìmọ̀ràn. Bí wọ́n bá parí ẹjọ́ ilẹ̀ láàfin, tí wọ́n bi ọ́ bóyá ó tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá ní "Mo gbà." Gbọ́ náà kò mọ sí etí nìkan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Yorùbá yé e. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Tá a bá wá so méjèèjì pọ̀, ohun tó jáde ni pé: ẹnì kan sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá fi wé ohun tí à ń sọ tí nǹkan bá dá wa lójú. Ó dá mi lójú. Ó dájú. Ojú ni Yorùbá fi ìdánilójú sí. Etí ló fi ìgbàgbọ́ sí. Àwọn àgbà sì ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ẹni tó ní òun gbà gbọ́ kò ní òun ti rí. Ohun tó ń sọ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí òun gbà, tí òun sì dúró tì.

Àwọn Mùsùlùmí gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ṣàhádà, ìjẹ́wọ́ tiwọn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ashhadu: mo jẹ́rìí. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mọ́ kí èèyàn wà níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kó ṣojú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni Mùsùlùmí fi ara rẹ̀ ṣe: ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, ó tún jẹ́rìí pé Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Mùhámádù. Gbólóhùn méjì péré, àmọ́ òun la fi ń wọ ẹ̀sìn náà, ó wà nínú ìpè ìrun, wọ́n ń pè é sétí ọmọ tuntun, wọ́n sì ń rán ẹni tó ń kú lọ létí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti àwọn Kristẹni ni credo, tó túmọ̀ sí pé mo gbẹ́kẹ̀ lé, mo fọkàn tán. Àwọn tó túmọ̀ ìwé ẹ̀sìn sí Yorùbá láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843 sì ni olórí wọn, lè fi "mo mọ̀" tàbí "ó dá mi lójú" túmọ̀ rẹ̀. Gbà gbọ́ ló jókòó. Mo rò pé wọ́n ṣe é re.

"Mo" àti "A"

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún kù: ta ló ń sọ̀rọ̀?

Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní ti àwọn Àpọ́sítélì, "mo" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi ìrìbọmi ló ti ṣẹ̀. Nínú ìjọ àtijọ́, ẹni tó ń ṣèrìbọmi máa ń wà nínú omi, wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó gba Baba gbọ́, ó gba Ọmọ gbọ́, ó gba Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́. Ó ń dáhùn, wọ́n ń rì í bọ omi. Kò sẹ́ni tó lè bá a dáhùn. "Mo" ni, àfi "mo".

Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Nísíà yàtọ̀. Lọ́dún 325 ni Ọba Kọnsitantíìnì pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nísíà, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Ní 2025 ló pé 1700 ọdún gbáko. Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, "a gbà gbọ́" ni wọ́n kọ. Ìpàdé àgbà ni, ohùn ìgbìmọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wá gbé e wọ inú ìsìn ni ọ̀pọ̀ ìjọ sọ ọ́ di "mo".

Kí ló kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ? Ìjà ni. Àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, Arius lorúkọ rẹ̀, ń kọ́ni pé Ọlọ́run ló dá Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí Arius kò ní lè sọ láéláé, homoousios, pé ohun kan náà ni Baba àti Ọmọ, wọ́n sì kàn án mọ́ ìjẹ́wọ́ náà bí ìṣó. Lọ́dún 381 wọ́n tún un ṣe ní Kọnsitantinópù. Nígbà tó yá, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fi kún un pé láti ọ̀dọ̀ Ọmọ náà ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń wá. Àfikún yẹn wà lára ohun tó dá ìjọ Róòmù àti ìjọ Ìlà-Oòrùn níyà, tí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀ lọ́dún 1054.

Ojú àpá ò lè jọ ojú ara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjọ kan ti ja ìjà rí, kó ka ìjẹ́wọ́ rẹ̀, kó wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ibẹ̀ lojú àpá wà.

Àpá ti tiwa

Kò yẹ ká lọ jìnnà tó Nísíà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn káàkiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Wọ́n gbà pé àdúrà nìkan ló lè woni sàn, láìsí oògùn. Nígbà tó yá, wọ́n kúrò nínú ìjọ náà. Ìwé tí wọ́n ń rí gbà láti Amẹ́ríkà so wọ́n pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ní Filadẹ́fíà. Lọ́dún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì kó tó jẹ́ ìpè. Ọ̀pọ̀ èèyàn wọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1931, àwọn aṣojú The Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pa pọ̀.

Ibà ló tú wọn ká. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa ń lo kuníìnì. Babalọlá, Odùbánjọ àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tó di Olúbàdàn lọ́dún 1955, wò ó pé báwo lẹni tó ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run ṣe máa ń gbé oògùn mì? Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ náà le, wọ́n sì pínyà. Apá kan ń jẹ́ The Apostolic Church títí dòní. Apá kejì forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 1943: Christ Apostolic Church, CAC.

Ẹ wá mú ìlànà ìgbàgbọ́ ìjọ méjèèjì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi wọ́n síra. Ti The Apostolic Church jẹ́ 11. Ti CAC jẹ́ 13. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀: Mẹ́talọ́kan, ìrònúpìwàdà, ìrìbọmi, ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́, títí dórí ìdámẹ́wàá. Ìkejìlá tí CAC ní ni ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́. Ìkẹtàlá ni pé Ọlọ́run ló ń pèsè fún àìní wa. Ojú àpá rèé kedere.

Nǹkan méjì ló yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń tún un kà. Àkọ́kọ́, ìkejìlá yẹn kò mẹ́nu kan kuníìnì. Kò mẹ́nu kan oògùn rárá. Ohun tí Ọlọ́run ń ṣe ló sọ, kò sọ ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe. Èkejì ni aládùúgbò tí wọ́n fún un. Ẹni tó ka ìkẹtàlá lọ́jọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run ń pèsè, ó gbé àdá lọ sóko lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin tó kà á gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà. Olùkọ́ tó kà á retí owó oṣù rẹ̀, ó sì ń kùn tí ìjọba bá fi falẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe àgbẹ̀ yẹn lónírọ́.

Èsì tí mo fún un

Nítorí náà, nígbà tí mo padà pe ọmọ mi, ohun tí mo sọ fún un nìyí. Mo ní, ìjọ tìrẹ kì í ṣe CAC, àmọ́ ìwé ìgbàgbọ́ yín jọra, ẹ̀yin náà ní ohun kan nípa ìwòsàn, ẹ ní òmíràn nípa ìpèsè. Tí àgbẹ̀ ò bá purọ́, ìwọ náà ò purọ́. Tó o bá ní o gbà gbọ́, o ò sọ pé o ti rí i pé gbogbo aláìsàn tá a gbàdúrà fún ló dìde. Ojú nìyẹn, etí ni tìrẹ. Ohun tó o sọ ni pé o gba ọ̀rọ̀ Ẹni tó sọ ọ́. "A" tí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwọ nìkan. Àwọn tó ti kú wà nínú "a" yẹn, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju tìrẹ lọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá nǹkan tì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá wúwo, àwọn yòókù ń bá ọ gbé e.

Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, àwọn àgbà tó kọ ọ́ ò lo oògùn o. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kọ́ lèmi ń ṣe."

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní fi gírámà bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì fi ara wọn san án. Ibà mú wọn, wọn ò fẹnu kan kuníìnì. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ wọn lónìí tó sì gbà á lọ́nà mìíràn, kó má díbọ́n pé bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn. Mo ní kó lọ bá alàgbà kan tó fọkàn tán nínú ìjọ, kó sọ bí òun ṣe gbọ́ ọ fún un. Gbọ́ ṣáà wà nínú gbà gbọ́. Ẹni méjì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kó má rí bákan náà létí wọn. Ìjọ tí kò bá fàyè gba ìjíròrò lórí ohun tó ń kà, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa ka á láìgbọ́ ọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rò pé irọ́ máa wọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ìyá ọlọ́mọ kan bá gbé ọmọ rẹ̀ wá, tí ara ọmọ gbóná fòò, tí nọ́ọ̀sì wá fi ìlànà ìgbàgbọ́ lé e padà sílé, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ti gba oògùn lánàá, irọ́ nìyẹn. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ohun tí èèyàn ń fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ ni. Bó bá ti di ọ̀pá tá a fi ń na ẹlòmíràn, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ mọ́, ẹ̀sùn ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lé ọmọ ẹnikẹ́ni padà rí. Ó ní kàkà bẹ́ẹ̀, òun máa ń gbàdúrà sínú kí òun tó gún wọn lábẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ìyẹn dáa. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe náà nìyẹn kó tó gbin àgbàdo."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rántí ìyá bàbá mi. Kò ka ìjẹ́wọ́ kankan rí láyé rẹ̀. Àmọ́ òun ló kọ́kọ́ kọ́ mi pé kí n tó dáhùn bóyá mo gbà gbọ́, kí n kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló sọ̀rọ̀, kí ló sì sọ?

Ire o.